Ìkòkò Yọkùn Nítorí Iná

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi bi mí léèrè ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Jos wa yìí, èyí tí wọ́n ṣí ní 1952: "Bàbá àgbà, kí ló dé tí ìdí ìkòkò wọ̀nyí rí roboto?" N kò rí èsì fọ̀. Ojú tì mí.

Mo wádìí. Ìkòkò tó yọkùn a máa jókòó dáadáa lórí ààrò mẹ́ta, iná a ràn kárí ìdí rẹ̀, kò sì ní igun tí yóò tètè sán. Ẹ sá mọ̀ pé ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná.

Ní agboolé Dàda, Òkèlele, nílùú Ìlọrin, àwọn ìyá amọ̀kòkò a dojú ògbólógbòó ìkòkò délẹ̀, wọn a na amọ̀ bo ìdí rẹ̀. Bó bá le díẹ̀, wọn a ṣí i kúrò, wọn a wá mọ ọrùn rẹ̀. Ara ti àtijọ́ ni tuntun ti ń rí ikùn.

Ẹ̀yin òbí, àwa ni ìkòkò àtijọ́ fún àwọn ọmọ tí a bí sẹ́yìn odi. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n bi wá léèrè kí a má rí èsì fọ̀.