Láti Bodokro padà sílé: Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí sáà iṣẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ Àgùdà bá parí

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Àmọ́ fún míṣọ́nnárì ìjọ Àgùdà tó ti lo ọdún mélòó kan ní ìgbèríko Côte d'Ivoire, ìpadàsílé kọjá kí ó kàn di ẹrù kí ó sì wọ ọkọ̀ òfurufú. Òfin ìjọ wà tó ń tọ́ ọ sọ́nà, iṣẹ́ wà tó gbọ́dọ̀ fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ilé tó sì ń padà sí lè ti di ibi àjèjì sí i.

Ibo ni Bodokro wà?

Bodokro jẹ́ ìlú kan ní agbègbè Béoumi, ní ẹkùn Gbêkê tí Bouaké jẹ́ olú-ìlú rẹ̀, ní àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire. Ilẹ̀ àwọn Baoulé ni. Nínú èdè wọn, "kro" tó parí orúkọ ìlú náà túmọ̀ sí ìlú tàbí abúlé, gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú orúkọ Yamoussoukro.

Ọdún 1895 ni àwọn fadá ẹgbẹ́ SMA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé ní 1856, gúnlẹ̀ sí Grand-Bassam ní etíkun Côte d'Ivoire. Bouaké di dáyósíìsì ní 1955, André Duirat tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé sì ni bíṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ níbẹ̀. Ní 1973, ọmọ Côte d'Ivoire, Vital Komenan Yao, gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí iṣẹ́ míṣọ́nnárì wà fún gan-an nìyẹn: kí ọmọ onílé lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àlejò.

Ta ló ń dúró títí láé, ta sì ni sáà rẹ̀ máa ń parí?

Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ míṣọ́nnárì ni kì í ronú àtipadà. Melchior de Marion Brésillac, tó dá ẹgbẹ́ SMA sílẹ̀, dé Freetown ní oṣù Karùn-ún ọdún 1859. Kí oṣù Kẹfà tó parí, ó ti kú. Ní ilẹ̀ Yorùbá, Fadá Jean-Marie Coquard, tí orúkọ rẹ̀ so mọ́ ilé ìwòsàn Sacred Heart tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1895, kò kúrò nídìí iṣẹ́ ìwòsàn ní ìlú náà títí tó fi jáde láyé ní 1933.

Àyípadà ńlá dé ní 1957, nígbà tí Póòpù Pius Kejìlá kọ lẹ́tà tí a mọ̀ sí Fidei Donum. Ó rọ àwọn bíṣọ́ọ̀bù kí wọ́n yá ilẹ̀ Áfíríkà ní díẹ̀ lára àwọn àlùfáà wọn fún ìgbà kan. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi orúkọ lẹ́tà yìí pe àlùfáà tó bá lọ sìn ní dáyósíìsì mìíràn tí yóò sì padà.

Àwọn ọmọ ìjọ tí kì í ṣe àlùfáà náà ń lọ: nọ́ọ̀sì, olùkọ́, oníṣẹ́ ọwọ́. Àdéhùn ọdún méjì tàbí mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ láàárín wọn, wọ́n sì lè tún un ṣe.

Kí ni òfin ìjọ sọ nípa ẹni tó padà?

Òfin 271 nínú ìwé òfin ìjọ Àgùdà ti 1983 sọ pé bíṣọ́ọ̀bù lè jẹ́ kí àlùfáà rẹ̀ lọ sí dáyósíìsì mìíràn fún àkókò tí wọ́n dá, a sì lè sọ àkókò náà dọ̀tun ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Síbẹ̀, ọmọ dáyósíìsì tó ti wá ló ṣì jẹ́.

Òfin kan náà sọ pé bí ó bá padà, gbogbo ẹ̀tọ́ tí ì bá ní ká ní ilé ló ti ń ṣiṣẹ́ ni yóò jẹ́ tirẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn ọdún tó lò lókè òkun kò gbọdọ̀ di àdánù fún un.

Ẹni tí kì í ṣe àlùfáà kò ní irú ààbò yìí. Òun ni yóò fúnra rẹ̀ wá iṣẹ́ àti ibùgbé, àyàfi ohun tí àdéhùn òun àti ẹgbẹ́ tó rán an bá sọ.

Kí ló ń fi sílẹ̀?

Ní ìgbèríko bíi ti Bodokro, àlùfáà kì í lè dé gbogbo abúlé lọ́jọ́ Àìkú. Àwọn kátíkíìsì, ìyẹn olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ tí wọ́n jẹ́ ọmọ ìlú, ló ń darí àdúrà tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn tó fẹ́ ṣe ìrìbọmi. Bí míṣọ́nnárì bá lọ, àwọn ni kò ní lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ohun tí a lè fi mọ̀ bóyá ó múra àtilọ dáadáa ni bí àwọn kátíkíìsì ṣe lágbára tó lẹ́yìn rẹ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Òfin 535 pàṣẹ kí gbogbo páríìṣì ní ìwé tí wọ́n ń kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ikú sí. Ẹ̀gbẹ́ orúkọ ẹni nínú ìwé ìrìbọmi ni wọ́n tún máa ń kọ ọ́ sí pé ó ti gbéyàwó. Ọmọ tí wọ́n rì bọmi ní abúlé lónìí lè nílò ẹ̀rí yẹn ní Abidjan ní ogún ọdún sí i, nígbà tó bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Bí ìwé bá sọnù láàárín ẹni tó ń lọ àti ẹni tó ń bọ̀, òun ni ìyà rẹ̀ yóò jẹ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni owó, kọ́kọ́rọ́, kànga àti ilé ìwé. Ohun tó bá jẹ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ míṣọ́nnárì nìkan ló ń fowó tì í lẹ́yìn lè dá dúró lọ́jọ́ tó bá wọ ọkọ̀.

Kí ló dé tí ilé fi máa ń le?

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ẹni tó bọ̀ ló ń rí ìsinmi. Bíṣọ́ọ̀bù Joseph Shanahan, ọmọ ilẹ̀ Ireland, dé ilẹ̀ Igbo ní 1902. Ó fi ipò bíṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní 1931, ó sì padà sí Ireland. Ní 1938 ó tún padà sí Áfíríkà, lọ́tẹ̀ yìí sí Kenya, ibẹ̀ ló sì kú sí lọ́jọ́ Kérésìmesì ọdún 1943. Ní 1956, wọ́n gbé egúngún rẹ̀ wá sí Onitsha láti tún un sin.

Ara náà ní tirẹ̀ láti sọ. Ibà lè yọjú ní ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan lẹ́yìn tí ènìyàn bá ti kúrò níbi tí ẹ̀fọn ti ń tàn án. Ẹni tó padà sí Yúróòpù gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà pé Áfíríkà lòun ti dé, torí dókítà lè má ronú kan ibà rárá.

Bí ìpadàbọ̀ kò bá bọ́ sí àsìkò ńkọ́?

Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní ọjọ́ 19, oṣù Kẹsàn-án, 2002, Bouaké di ibùdó àwọn ọlọ̀tẹ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn ọmọ ogun Faransé kó ọ̀pọ̀ àjèjì kúrò nílùú náà, títí kan àwọn ọmọ míṣọ́nnárì. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í rí àyè dágbére, ká má tíì sọ pé yóò fa ìwé lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Fadá Pier Luigi Maccalli, ọmọ ẹgbẹ́ SMA láti Ítálì tó ti sìn fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Côte d'Ivoire, wà ní Niger nígbà tí àwọn agbébọn jí i gbé ní oṣù Kẹsàn-án, 2018. Oṣù Kẹwàá, 2020 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀ ní Mali, tó sì padà sí Ítálì.

Ọ̀nà náà ti di alọ-àbọ̀

Lónìí, àwọn àlùfáà láti Côte d'Ivoire, Benin àti Nàìjíríà ló ń sìn ní ọ̀pọ̀ páríìṣì ilẹ̀ Faransé. Ní Nàìjíríà, Kádínà Dominic Ekandem dá ẹgbẹ́ Missionary Society of St Paul sílẹ̀ ní 1977, Ìperu Rẹ́mọ ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 14, sọ pé nígbà tí Pọ́ọ̀lù àti Bánábà padà sí Áńtíókù, ńṣe ni wọ́n pe ìjọ tó rán wọn jọ, wọ́n sì ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìròyìn yẹn ṣì ni ìdá tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ míṣọ́nnárì: ẹni tí a rán níṣẹ́ kò tíì jẹ́ ẹ tán títí yóò fi padà wá jíyìn fún ẹni tó rán an.