Iye Ìlù Aago Nínú Kọ̀ǹpútà: Ètò Linux àti Àwọn Ẹ̀rọ Àtijọ́, 1991 sí 2013

Ètò aṣàkóso kọ̀ǹpútà nílò aago tí yóò máa dá ọpọlọ ẹ̀rọ lọ́wọ́ kọ́ lóòrèkóòrè, kí iṣẹ́ kan má baà gba àyè mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́. Ìdálọ́wọ́kọ́ yìí ni a pè ní ìlù aago níhìn-ín. Ẹni tó bá ń yan iye ìlù fún ẹ̀rọ titun kò lè ṣàì ro ti àwọn tó ṣì ń lo ẹ̀rọ àtijọ́, ibẹ̀ sì ni ìṣòro ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1981 ni ilé-iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà PC jáde. Aago inú rẹ̀ ni Intel 8253, tó ń mì ní ìgbà 1,193,182 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nọ́ńbà yìí kò ṣe rẹ́gí rárá. Ìdá kan nínú méjìlá iye ìmì kírísítà tó bá àmì tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ ti Amẹ́ríkà mu ni, àwọn ẹ̀rọ tó tẹ̀ lé e sì ń jogún rẹ̀ bí ilà ojú.

Nígbà tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ Linux ní Finland ní ọdún 1991, lórí ẹ̀rọ 386, 100 ìlù ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ló yàn. Ó tó fún ẹ̀rọ ìgbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀dà 2.6 jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, iye náà ti di 1,000. Ètò tó ní láti dúró díẹ̀ kò ní máa retí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá mọ́. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ti tó.

Ẹ̀rọ titun kò ka èyí sí. Ti ẹ̀rọ àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní gbogbo ìgbà tí aago bá lù, ọpọlọ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ pa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tì, kí ó dá aago lóhùn, kí ó tó padà síbi iṣẹ́. Ìlọ́po mẹ́wàá irú wàhálà bẹ́ẹ̀ kò kéré fún 486. Bí iṣẹ́ dísíìkì bá sì dí i létí pẹ́, ìlù mìíràn a sọnù, aago a sì rẹ̀yìn.

Ìṣirò pàápàá kò gbè é. Nọ́ńbà odindi nìkan ni 8253 lè kà. Fún 100 ìlù, yóò ka 11,932. Àṣìṣe rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 1.3 lójúmọ́. Fún 1,000 ìlù, yóò ka 1,193. Bí ètò kò bá ṣe àtúnṣe sí i, àṣìṣe náà á tó ìṣẹ́jú-àáyá 13 lójúmọ́.

Ewu kan tún fara sin. Nọ́ńbà oníbíìtì 32 tí Linux fi ń ka ìlù máa ń kún lẹ́yìn ọjọ́ 497 bí ìlù bá jẹ́ 100, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ 49 àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀ bí ó bá jẹ́ 1,000. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i dára púpọ̀: wọ́n mú kí òǹkà náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí yóò ti kún ní ìṣẹ́jú márùn-ún péré lẹ́yìn títan ẹ̀rọ, kí àṣìṣe lè tètè hàn. Ní ti àwọn ètò àtijọ́ tó ti gbà pé 100 ni, iye yẹn náà ni wọ́n ṣì ń fi hàn wọ́n, ohun yòówù kó máa ṣẹlẹ̀ nínú lọ́hùn-ún.

Ní ọdún 2005, ẹ̀dà 2.6.13 sọ iye náà di 250, ó sì fún ẹni tó bá ń kọ́ ètò náà ní àyè láti yan 100 tàbí 1,000. Bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká wà lára ohun tó fa àríyànjiyàn náà. Àdéhùn ni 250 jẹ́, kì í ṣe àwárí. Ní ọdún 2007, ẹ̀dà 2.6.21 jẹ́ kí ọpọlọ ẹ̀rọ tí kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́ sinmi láìsí ìlù.

Oṣù Kejì ọdún 2013 ni ẹ̀dà 3.8 jáde láìgba 386 mọ́. Síbẹ̀ 486 ṣì kù nígbà náà, kò sì ní òǹkà àkókò tó wọlé pẹ̀lú Pentium ní ọdún 1993. Fún ìdí èyí, 8253 àtijọ́ kò tíì lè fẹ̀yìn tì nígbà náà.