Ọmọ Àgbàtọ́ ní Ìlú Òyìnbó

Ìwọ òǹkàwé, ó lè jẹ́ pé láti ilé ẹlòmíràn ni ìwọ náà ti ń lọ sí ilé-ìwé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a kò fi ọwọ́ sí ìwé kankan ní ọjọ́ tí bàbá rẹ mú ọ dé ọ̀dọ̀ alágbàtọ́ rẹ. Bàbá rẹ dúpẹ́, ó ní kí wọ́n bá ọ wí bí o bá ṣẹ̀, ó sì padà sí ilé. Ẹnìkan ní í bí ọmọ, igba ènìyàn ní í wò ó. Ọ̀rọ̀ yìí ni ìwé àdéhùn àwọn baba wa. Ó sì tó wọn, nítorí gbogbo àdúgbò ni ẹlẹ́rìí pé ọmọ lágbájá ni ìwọ í ṣe, bí o tilẹ̀ lo ogún ọdún lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Àṣà yìí ni àwọn ènìyàn wa gbé lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ogun tí ó parí ní ọdún 1945, ọ̀pọ̀lọpọ̀ Yorùbá wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀ láti kọ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti irú wọn. Ọkọ a máa ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán, a sì máa kàwé ní alẹ́. Ìyàwó náà kò jókòó. Onílé mìíràn kò fẹ́ rí aláwọ̀ dúdú rárá, áḿbọ̀sì èyí tí ó pọn ọmọ. Kò sì sí ìyá àgbà nítòsí. Kí ni wọn ì bá ṣe? Wọ́n kéde nínú ìwé ìròyìn, pàápàá Nursery World, pé àwọn ń wá alágbàtọ́. Àwọn obìnrin Òyìnbó ní Kent, Essex àti Sussex sì ń gba àwọn ọmọ náà fún owó ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni ó lọ bẹ́ẹ̀.

N kò dá àwọn òbí náà lẹ́bi. Ohun tí wọn kò rí ni pé ọ̀rọ̀ kan náà ní ìtumọ̀ méjì. Ní ojú tiwọn, a fi ọmọ tọ́ ni, a óò sì mú un padà bí ìwé-ẹ̀rí bá ti dé ọwọ́. Ní ojú obìnrin tí ń jí sí ẹkún ọmọ náà lóru, tí ọmọ sì ń pè ní ìyá, ọmọ ti di tirẹ̀. Òfin ọdún 1958 pàṣẹ pé kí alágbàtọ́ tí ń gba owó fi ọ̀rọ̀ náà tó ìjọba ìbílẹ̀ létí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Wo Adewale Akinnuoye-Agbaje, òṣèré olókìkí. Lọ́ńdọ̀nù ni a bí i sí ní ọdún 1967. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni nígbà tí àwọn òbí rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, fi í lé tọkọtaya Òyìnbó kan lọ́wọ́ ní Tilbury. Nígbà tí wọ́n mú un wá sí Nàìjíríà, àjèjì ni ó jẹ́ ní ilé bàbá rẹ̀. Wọ́n sì dá a padà. Nígbà èwe rẹ̀, ó ń bá àwọn ọ̀dọ́ Òyìnbó tí ó kórìíra aláwọ̀ dúdú rìn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ìtàn yìí ṣe fíìmù Farming ní ọdún 2018.

Òfin Ọmọdé ti ọdún 1989 ni ó wá la ọ̀rọ̀ náà yé. Ó ní òbí kò lè gbé ojúṣe rẹ̀ lórí ọmọ fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ó lè ṣètò kí ẹlòmíràn bá a ṣe díẹ̀ tàbí gbogbo rẹ̀ ní orúkọ rẹ̀. Bí a bá ka èyí fún bàbá àgbà kan ní Ìjẹ̀bú, n kò rò pé yóò yà á lẹ́nu.

Ohun tí yóò yà á lẹ́nu ni ìyókù. Bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 yóò bá lo ọjọ́ 28 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́dọ̀ ẹni tí kì í ṣe ìbátan, a gbọ́dọ̀ sọ fún ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, òṣìṣẹ́ ìjọba yóò sì máa wá wo ọmọ náà. Ní ọdún 2000, Victoria Climbié, ọmọ ọdún mẹ́jọ láti Côte d'Ivoire, kú ní Lọ́ńdọ̀nù. Àǹtí bàbá rẹ̀ ni àwọn òbí rẹ̀ fi í lé lọ́wọ́ kí ó lè kàwé. Ìyà tí ẹni náà àti ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ fi jẹ ẹ́ ni ó pa á. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti túbọ̀ tẹ ẹsẹ̀ mọ́ òfin yìí.

Àwọn tí òfin náà kà sí ìbátan kò pọ̀: òbí àgbà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ọmọ náà, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò òbí rẹ̀, pẹ̀lú ọkọ ìyá tàbí aya bàbá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, tí ìwọ ń pè ní bùrọ̀dá, kò sí nínú wọn. Bí bàbá rẹ bá fẹ́ kí o lo ìsinmi oṣù méjì lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ rẹ gbọ́dọ̀ ti dé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kí ìwọ fúnra rẹ tó dé.