Orúkọ Kan, Ìdílé Púpọ̀: Ohun tí Ìwé Ìhágún àti Ìwé Ìrìbọmi Sọ nípa Àwọn d'Almeida

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ní Bàhíà, ní ilẹ̀ Bràsíìlì, ilé ẹlòmíràn ni a wò kí a tó sọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn baba ńlá Àgùdà lórúkọ: ilé ọ̀gá tí ó fi owó rà wọ́n. Lónìí, láti Agoué títí dé Ouidah àti Àjàṣẹ́, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé gbogbo ẹni tí ń jẹ́ orúkọ Àgùdà kan náà, ọ̀dọ̀ baba kan ṣoṣo ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ìwé àtijọ́ kò gbà bẹ́ẹ̀. Níwọ̀n bí júbílì ti jẹ́ àkókò ìrántí, ó yẹ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kí a sì fi àwọn d'Almeida ṣe àpẹẹrẹ.

Ọ̀gá kan, ọmọ ilé méjì

Manoel Joaquim d'Almeida jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tí ń ṣòwò ẹrú láàárín Bàhíà àti etí òkun wa. Nínú àwọn ẹrú rẹ̀, méjì gba òmìnira, wọ́n sì padà wá di ènìyàn ńlá ní ilẹ̀ yìí. Ọ̀kan ni Joaquim d'Almeida, ọmọ Máhì. Èkejì ni Antonio d'Almeida, Yorùbá láti Ìṣẹ́yìn, ẹni tí a kọ orúkọ ilé rẹ̀ sílẹ̀ ní Olufade. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan tí ó pa àwọn méjèèjì pọ̀. Èdè wọn kò dọ́gba, ìlú wọn kò sún mọ́ra. Orúkọ ọ̀gá wọn nìkan ni wọ́n jùmọ̀ gbé wálé, òun náà sì ni àwọn ọmọ wọn ń jẹ́ títí di òní.

Kí ni ó dá irú wọn padà? Ní oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn Mùsùlùmí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ Yorùbá, tí a ń pè ní Malê, èyí tí í ṣe Ìmàle lẹ́nu wa, dìde ogun ní Bàhíà. Nígbà tí a ṣẹ́gun wọn, ìjọba ìpínlẹ̀ náà ṣe òfin ní ọjọ́ 13 oṣù karùn-ún ọdún kan náà. Òfin yìí gbà kí a lé ọmọ Áfíríkà tí ó ti gba òmìnira kúrò nílùú bí a bá fura sí i. Ó bu owó orí pàtàkì lé wọn, ó sì kọ̀ fún wọn láti ra ilé tàbí ilẹ̀. Ọ̀pọ̀ di ẹrù wọn, wọ́n sì wọkọ̀ padà sí etí òkun wa.

Ohun tí ìwé ìhágún fi hàn

Ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá 1844, nígbà tí Joaquim ń múra láti wọkọ̀ wá sí Áfíríkà, ó ṣe ìwé ìhágún ní Bàhíà. Ìwé náà kò sọnù. Pierre Verger, ọmọ Faransé tí ó lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí àkọsílẹ̀ Bàhíà, ni ó mú un wá sí ìmọ̀ àwa ìran ìsinsìnyí.

Ìwé ìhágún Kátólíìkì ìgbà náà ní ètò tirẹ̀. A ó kọ́kọ́ pe orúkọ Ọlọ́run. Ẹni náà yóò sì sọ ibi tí a bí i sí, bí ó ṣe di òmìnira, bí ó bá ní aya àti ọmọ, gbèsè rẹ̀, ohun ìní rẹ̀, Mísà tí ó fẹ́ fún ọkàn rẹ̀, àti àwọn tí yóò bójú tó ogún rẹ̀. Fún ẹni tí a kò kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀ níbikíbi, ìwé ìhágún ni ó dàbí ìwé ìbí tí òun fúnra rẹ̀ ṣe fún ara rẹ̀.

Nínú tirẹ̀, Joaquim jẹ́wọ́ pé ọmọ Áfíríkà ni òun, ẹni tí ó ti gba òmìnira. Ìwé náà kò fi ìyókù pamọ́: òun náà ní ẹrú ní Bàhíà, ó sì ka ẹrú tí í ṣe tirẹ̀ ní Havana, ní Kúbà, àti ní Pernambuco. Láti 1831 ni òfin Bràsíìlì ti kọ̀ pé kí a má kó ẹrú wọ ilẹ̀ náà mọ́, síbẹ̀ òwò náà kò dẹ́kun. Ẹni tí a ti tà rí wá di ẹni tí ń tà.

Ọkùnrin yìí kan náà ni ó kọ́ ilé ìsìn sí Agoué ní nǹkan bí 1845, tí ó sì sọ ọ́ ní orúkọ Olúwa Jésù Olùràpadà, gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ìsìn àwọn ọmọ Áfíríkà kan ní Bàhíà ti ń jẹ́. Joaquim kú ní 1857. Ọjọ́ 18 oṣù kẹrin 1861 ni àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Lyon ṣẹ̀ṣẹ̀ gúnlẹ̀ sí Ouidah. 1864 ni wọ́n dé Àjàṣẹ́, 1874 ni wọ́n sì fìdí kalẹ̀ ní Agoué. Nítorí náà, àwọn ọmọ ìjọ lásán ti ń gbàdúrà níhìn-ín kí míṣọ́n tó dé.

Bí a ṣe ń ka ìwé ìrìbọmi

Ẹni tí ó bá rí d'Almeida nínú ìwé ìrìbọmi àtijọ́ kò gbọdọ̀ kánjú. Ó lè jẹ́ ọmọ bíbí inú ilé náà. Ó lè jẹ́ ẹrú ilé, tàbí ọmọ ẹrú ilé, nítorí wọ́n a máa jẹ́ orúkọ baálé. Ó sì lè jẹ́ ọmọ tí ó gba orúkọ bàbá ìrìbọmi rẹ̀. Ẹ wo orúkọ ìyá, ẹ wo bàbá ìrìbọmi, ẹ sì wo ẹ̀yà tí a kọ síwájú orúkọ: ní Bràsíìlì, Nàgó ni wọ́n ń pe Yorùbá, Jeje sì ni wọ́n ń pe àwọn ará Fọn, Máhì àti Èwè. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ bá àwọn ìyá àgbà, kí wọ́n ki oríkì ilé. Ohun tí akọ̀wé fò, oríkì a máa mú un dání. Ohun tí oríkì sì bò mọ́lẹ̀, ìwé a máa tú u síta.

Ìwúlò rẹ̀ fún wa

Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wà ńbẹ̀. Òfin Ìjọ ti 1983, ní òfin 1091, kò gba kí ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àbúrò fẹ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n kò dá ẹni méjì dúró nítorí pé wọ́n ń jẹ́ orúkọ kan. Bí a bá mọ ìtàn, a kò ní ṣe ìdènà níbi tí kò yẹ, a kò sì ní fojú fo ìbátan tòótọ́ tí orúkọ ọ̀tọ̀ fi pamọ́.

Èkejì ni ó wúwo jù. Nínú ọ̀pọ̀ agbo ilé, nígbà tí ogún bá dìjà, a máa ń gbọ́ tí ẹnì kan ń pe ẹnì kejì ní ọmọ ẹrú. Ìwé Bàhíà ti dá ẹjọ́ náà. Baba tí ó dá ilé sílẹ̀ ni a kọ́kọ́ rà lọ́jà. Àti ẹni tí ó bí àti ẹni tí ó rà, orúkọ ẹni tí ó ra òun ni gbogbo wọn ń jẹ́. Ta ni yóò wá fi ẹrú bú ta?

Kò yẹ kí a fi irú ìtàn yìí pamọ́. Ní 1992, ní erékùṣù Gorée, Póòpù Jòhánù Pọ́ọ̀lù Kejì tọrọ ìdáríjì fún ẹ̀ṣẹ̀ òwò ẹrú tí àwọn Krístẹ́nì dá. Mátíù Mímọ́ pẹ̀lú kò fo orúkọ Támárì, Ráhábù àti Rúùtù nínú ìtàn ìran Olúwa wa, bẹ́ẹ̀ ni kò bo ọ̀ràn aya Ùráyà mọ́lẹ̀. Ìdílé tí ó mọ òtítọ́ nípa ara rẹ̀ lè dúpẹ́ fún ilé ìsìn tí baba rẹ̀ kọ́, kí ó sì gbàdúrà fún àwọn tí baba rẹ̀ tà.

Nítorí náà, kí olúkúlùkù ìdílé tọ́jú ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìhágún tí ó wà nínú àpótí àwọn àgbà, kí ikán tó jẹ ẹ́. Kí a sì kọ oríkì sílẹ̀ nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè. Kí Ọlọ́run fún gbogbo òkú wa, olówó àti ẹrú, ní ìsinmi àìnípẹ̀kun. Àmín.