Oògùn ní Ọjà'ba

Nílé Olúyọ̀lé, Ìbàdàn Mesì Ọ̀gọ̀, kí wọ́n tó ṣí gbọ̀ngàn Màpó lórí òkè ní 1929, ni àwọn ìyá lẹ́kùlẹ́jà ti ń pàtẹ egbò, èèpo àti orí ẹranko ní Ọjà'ba; ẹni tí ó bá sì fẹ́ gba ọjà wọn lọ́fẹ̀ẹ́ ni wọn yóò rán létí pé oògùn tí a kò fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Èyí tí ó jọ mí lójú jù níbẹ̀ ni egbò asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn adáhunṣe ń gún fún wèrè mu kí ó lè sùn: bí ó bá mọ níwọ̀n, ara á balẹ̀, bí ó bá pọ̀ jù, agbára á tán nínú aláìsàn. Ní 1952 ni àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ reserpine lára ìbátan igi yìí tí ó wà ní Íńdíà, tí àwọn dókítà òyìnbó sì ń fi í tọ́jú wèrè nígbà náà; àwọn adáhunṣe wa kò kúkú dúró dè wọ́n.

Àlejò ni igbó tí wọ́n ń mu bíi sìgá ní tirẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tí ó ti Burma bọ̀ lẹ́yìn ogun Hitler ni a máa ń sọ pé wọ́n mú un wálé. Òfin ìjọba ológun ti 1966 kò bá a ṣeré: ikú, tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21, ni fún ẹni tí ó bá gbìn ín nígbà náà. Áṣáà tí àwọn àgbà Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn ń fín, òfin náà kò dárúkọ rẹ̀.