Yẹ̀yẹ́ Gẹ́gẹ́ Bí Ohun Ìjà: 'Jẹun Kó Kú' àti Ìbẹ̀rẹ̀ Iṣẹ́ Orin Fẹlá

Ìfáárà

Bí a bá dárúkọ Fẹlá Aníkúlápó-Kútì, orin tó fi kojú ìjọba, bíi 'Zombie', ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí àwọn onímọ̀ lọ́kàn. Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìgbà tó ṣáájú wò, pàápàá 'Jẹun Kó Kú' ti ọdún 1971, orin tó kọ́kọ́ sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Èrò wa ni pé orin tí ọ̀pọ̀ kà sí àwàdà lásán yìí ni orin òṣèlú rẹ̀ fẹ̀yìn tì.

Ilé orin, ilé ìjà

Abẹ́òkúta ni wọ́n bí Fẹlá sí, ní 15 Oṣù Kẹwàá, 1938. Bàbá bàbá rẹ̀, Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, ti lọ kọ orin ìsìn Yorùbá sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ló ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tó kọ owó orí. Orin èébú wà lára ohun tí àwọn obìnrin náà fi dojú ìjà kọ Aláké, Ọba Adémọ́lá Kejì, títí ọba náà fi kúrò lórí oyè ní 1949. Nínú ilé tí Fẹlá ti jáde, a ti mọ̀ pé orin yẹ̀yẹ́ lè ṣe ohun tí ẹ̀bẹ̀ kò lè ṣe.

Láti Koola Lobitos dé Los Angeles

Ní 1958, àwọn òbí rẹ̀ rán an lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n Trinity College of Music ló gbà lọ. Ibẹ̀ ló ti dá ẹgbẹ́ Koola Lobitos sílẹ̀. Nígbà tó padà sílé ní 1963, ó ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rédíò, ó sì ń da jáàsì pọ̀ mọ́ háíláìfù. Ìfẹ́ àti oúnjẹ wà lára ohun tó ń kọrin lé, bí àkọlé 'Ọlọ́lùfẹ́ Mi' àti 'Onídòdò' ṣe fi hàn.

Ní 1969 ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Ní Los Angeles, Sandra Smith, tó ti bá ẹgbẹ́ Black Panther ṣe, bi í pé kí ni orin tó ń kọ dá lé. Fẹlá ní ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ni. Ìyẹn bí Sandra nínú, ó sì fún un ní ìwé ìtàn ìgbésí ayé Malcolm X kà.

Ìtúpalẹ̀ orin náà

Ohun tó yẹ kí a kíyè sí ni pé, nígbà tí Fẹlá padà sílé, oúnjẹ náà ló tún kọrin lé; ìlò rẹ̀ ló yàtọ̀. 'Jẹun Kó Kú' fi wọ̀bìà ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni tí ọ̀fun rẹ̀ kò mọ ìwọ̀n. Lójú Yorùbá, ọ̀rọ̀ wọ̀bìà ju ti ikùn lọ. Ọ̀rọ̀ ìwà ni. Ọ̀kánjúwà àti olè, déédé ni wọ́n jẹ́. Ẹni tó bá jẹ tirẹ̀ tí kò yó, tẹlòmíràn ni yóò nawọ́ sí.

Ọgbọ́n tó lò kì í ṣe tuntun. Lóru ẹ̀fẹ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, a máa ń kọ oníwàkiwà lórin lójú gbogbo ìlú, kí ìtìjú lè tún un ṣe. Lílé àti ègbè ni ọgbọ́n náà rọ̀ mọ́: ẹnì kan ṣoṣo ló ń lé, ṣùgbọ́n ohùn ìlú ni ègbè, òun ló sì ń dá ẹjọ́. Fẹlá gbé ètò yìí sórí fèrè àti ìlù Tony Allen, onílù ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sọ gbọ̀ngán ijó di ojúde.

Àgbálọgbábọ̀

Ọ̀nà yìí kan náà ló tọ̀ nínú 'Lady' (1972) àti 'Gentleman' (1973): ó mú irú ènìyàn kan, ó sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí 'Zombie' dé, ṣọ́jà tí kò ní èrò tirẹ̀ ló bọ́ sí ipò tí wọ̀bìà wà tẹ́lẹ̀. Amẹ́ríkà fún Fẹlá ní ìdí ìjà, ṣùgbọ́n ilé ló ti mú ohun ìjà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ mọ bí orin rẹ̀ ṣe di ohun tí ìjọba ológun ń bẹ̀rù gbọ́dọ̀ ka 'Jẹun Kó Kú' gẹ́gẹ́ bí lítíréṣọ̀ Yorùbá, kó sì kà á kó tó kan àwọn yòókù.