Iná Pupa Ojú Dáṣíbọ́ọ̀dù

Bí ẹ bá dúró ní ẹ̀bá títì Àpẹ̀tẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn Micra bá ń tò tẹ̀lé ara wọn bí ìjàlọ, ẹ óò rí ọkọ̀ àtijọ́ kan tàbí méjì láàárín wọn. Mo mọ awakọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kan tí ó fi táàpù dúdú bo iná pupa tó wà níwájú rẹ̀. Ó ní iná náà ń dà á láàmú. Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó ń tàn jẹ?

Ní ọdún 1906 ni a la ọ̀nà ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Ọkọ̀ ìgbà náà kò ní iná ìkìlọ̀. Etí ni awakọ̀ fi ń mọ̀ bí ẹ́ńjìnì bá ń jìyà. Lẹ́yìn náà ni géèjì dé, tí ọwọ́ rẹ̀ ń fi hàn bí ọ́ìlì ti ń tẹ̀ sí àti bí iná ti ń wọ bátìrì. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, ilé-iṣẹ́ Hudson ní Amẹ́ríkà fi gúlóòbù rọ́pò géèjì wọ̀nyẹn. Ó dínwó, ó sì rọrùn. Ṣùgbọ́n géèjì a máa sọ fún ni pé àárẹ̀ ń bọ̀. Gúlóòbù a dákẹ́ títí ọ̀ràn yóò fi dé.

Irú gúlóòbù bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú Volkswagen tí à ń pè ní Ìjàpá, àti nínú Peugeot 504. Ọdún 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí to Volkswagen pọ̀ ní Èkó, tí a sì bẹ̀rẹ̀ sí to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná.

Gúlóòbù dáínámò dà bí okùn tí ọkùnrin méjì ń fà. Bátìrì wà ní apá kan, dáínámò wà ní apá kejì. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì ṣáná sí ẹ́ńjìnì, bátìrì nìkan ní ń fà, gúlóòbù á tàn. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, dáínámò á fà dọ́gba pẹ̀lú bátìrì, gúlóòbù á kú. Bí ó bá wá tàn lójú ọ̀nà, dáínámò ti jáwọ́ nìyẹn.

Nínú Ìjàpá, ọ̀rọ̀ náà ju ti bátìrì lọ. Kò ní omi nínú. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tu ẹ́ńjìnì rẹ̀ lára. Bẹ́líìtì kan náà ni ó ń yí dáínámò àti fáànù. Bí ó bá já, iná pupa á tàn, fáànù á sì dúró. Ẹni tí ó bá wí pé, “Ẹ jẹ́ kí n délé ná,” yóò jó ẹ́ńjìnì rẹ̀. Ẹ dúró, ẹ pa ọkọ̀, ẹ wo bẹ́líìtì.

Bí iná ọ́ìlì bá tàn lójú ọ̀nà, ẹ pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀, ẹ wọn ọ́ìlì. Bí ó bá pé, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìṣáná sí ọkọ̀, ẹ sì yọ wáyà kúrò lára suwíìṣì ọ́ìlì. Bí iná bá ṣì ń tàn, wáyà ti bó, ó ń kan ara ọkọ̀ níbì kan. Bí ó bá kú, ẹ má ṣe wa ọkọ̀ náà títí mẹkáníìkì yóò fi wọn agbára ọ́ìlì.

Láràárọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ kí ẹ tó ṣáná: iná méjèèjì gbọ́dọ̀ tàn. Bí ọ̀kan kò bá tàn, ó lè jẹ́ pé gúlóòbù rẹ̀ ti jó tàbí pé wáyà rẹ̀ já. Bí kò bá sí èyí tó tàn, ẹ wo fíúsì àti wáyà ibi kọ́kọ́rọ́, nítorí gúlóòbù méjì kì í sábà jó pọ̀. Bí iná dáínámò bá ń tàn bàìbàì nígbà tí ẹ́ńjìnì ń sáré, ẹ wá ìpẹtà ní ẹnu wáyà. Àwa ará Àpẹ̀tẹ̀ mọ ohun tí omi lè ṣe: ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá gbé afárá wa lọ. Ọkọ̀ tó bá wọ omi, ìpẹtà lè máa jẹ ẹnu wáyà rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ yọ orí bátìrì, kí ẹ sì fi sáńpépà ha á.

Nítorí náà, bí rewáyà bá ní kí ẹ lọ ra bátìrì tuntun, ẹ kọ́kọ́ bi í pé, “Kí ni iná pupa wí?” Ìwọ awakọ̀ ọ̀rẹ́ mi, ṣí táàpù yẹn kúrò.